Pákó Kẹta Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fèrèsé

Nínú ilé tí a gbé ní Agége nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, kò sí ẹni tó lè yọ́ rìn. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan la háyà, yàrá méjì àti pálọ̀, pákó sì ni gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, láti ẹnu àtẹ̀gùn títí dé ìdí fèrèsé. Bí bàbá mi bá dìde lọ ṣe àlùwàlá, pákó á sọ fún wa. Bí ìyá mi bá lọ wo ọbẹ̀ lórí iná, pákó á sọ. Bí èmi náà bá lọ wo ọbẹ̀ lórí iná, pákó yìí kan náà á sọ, ohùn ìyá mi á sì ti yàrá wá bá mi níbi tí mo ti ṣí ìdérí ìkòkò. Mo ti gbé ilé oríṣiríṣi láti ìgbà náà, ilé onísìmẹ́ǹtì àti ilé onítáìsì, mi ò sì tíì rí ilẹ̀ tó lófòófó tó yẹn. Ìta náà kì í dákẹ́. Ọkọ̀ ojú irin á kọjá, àwo á máa gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn màálù tí wọ́n ń dà lọ sí Oko Ọba, níbi tí wọ́n ti ń pa wọ́n, á máa ké lójú títì. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á gbà á lẹ́nu wọn. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìkẹjà ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, òórùn dídùn ibẹ̀ sì máa ń bá wọn wálé lára aṣọ, débi pé bí mo bá dì mọ́ wọn nírọ̀lẹ́, ebi á bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí.

Màmá Onílé ló ń gbé ìsàlẹ̀, àwa là ń rìn lórí wọn. Opó ni wọ́n, ará Ìjẹ̀bú, obìnrin gíga tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó bá ń lọ. Káfíńtà rélùwéè ni ọkọ wọn kó tó kú, òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ to gbogbo pákó òkè náà, igi ọ̀gànwó gidi, tó fi fánísì pa á títí ó fi ń dán. Òkè ni tọkọtaya náà kọ́kọ́ gbé. Orúnkún ló lé Màmá Onílé wá sí ìsàlẹ̀ nígbà tí ọjọ́ lọ. Ọjọ́ tí bàbá mi lọ gba kọ́kọ́rọ́, òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fún wa: kí a bá àwọn tọ́jú pákó ọkọ àwọn. Ìyá mi kúnlẹ̀, wọ́n ní ilẹ̀ náà yóò máa mọ́ tónítóní. Lójú ìyá mi, ohun tí a bá ń tọ́jú, fífọ̀ là ń fọ̀ ọ́. Inú ìlérí yìí ni gbogbo wàhálà wa ti jáde.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà ni bàbá mi lọ mú ìyá tó bí wọn wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá Àgbà ti ṣubú nínú ilé níbi tí wọ́n ń dá gbé, wọ́n wà nílẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, wọn ò lè dìde. Ológbò wọn ló lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń ké, tó ń ké, tí kò dákẹ́, títí aládùúgbò kan fi wá wo ohun tó ń ṣe é. Nítorí náà, nígbà tí bàbá mi ní kí wọ́n máa bọ̀ ní Èkó, Ìyá Àgbà ní ó dára, àwọn méjì ni yóò wá. Bẹ́ẹ̀ ni ológbò dúdú ẹlẹ́sẹ̀ funfun ṣe wọ mọ́tò dé Agége nínú apẹ̀rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Ṣebíotimọ. Ẹnì kan wà ládùúgbò wọn nílé tí Ìyá Àgbà fẹ́ máa bá wí láìdárúkọ rẹ̀, wọ́n sì máa ń dúró dìgbà tó bá ń kọjá kí wọ́n tó pe ológbò wọn wá jẹun. Ẹ̀dọ̀fóró màálù láti Oko Ọba ni wọ́n ń bọ̀ fún un, láìsí iyọ̀, ó sì máa ń jẹun ṣáájú wa. Ìyá Àgbà kò lè dá sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mọ́ látìgbà tí wọ́n ti ṣubú. Bí bàbá mi bá lọ síbi iṣẹ́, tí ìyá mi lọ sí ìsọ̀, tí mo lọ sí iléèwé, àwọn méjèèjì ló ń jókòó nínú pálọ̀ di ọ̀sán, ológbò lórí itan Ìyá Àgbà, wọ́n á jọ máa gbọ́ rédíò.

Iṣẹ́ tèmi ni láti gbé Ṣebíotimọ sọ̀kalẹ̀ ní ìdájí, kí ó lọ tọ̀ sínú erùpẹ̀ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Iṣẹ́ kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà Màmá Onílé ni àtẹ̀gùn já sí, àkókò yẹn gan-an ni wọ́n sì máa ń gba àdúrà òwúrọ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ ẹsẹ̀, wọn á dá àdúrà dúró, wọn á ní, "Ta nìyẹn?" Títí dòní mi ò mọ ohun tó wà nínú ohùn yẹn tó fi máa ń tú ìgboyà mi ká. Lọ́jọ́ tí ọkàn mi bá le, mo máa ń dáhùn, mo sì máa ń kọjá. Lọ́jọ́ tí kò bá le, mo máa ń jókòó sí àárín àtẹ̀gùn pẹ̀lú ológbò láyà, màá ka ení, èjì títí dé ọgọ́rùn-ún, màá padà sókè, màá ní ó ti tọ̀. Ọjọ́ tí ọkàn mi kò le pọ̀ ju èyí tó le lọ. Ṣebíotimọ náà ṣe bó ti mọ. Ó wá ibì kan tí oòrùn ń dé nínú pálọ̀, pákó kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì sọ ibẹ̀ di ilé ìtọ̀ rẹ̀.

Ibẹ̀ náà ni bàbá mi máa ń tẹ́ ẹní ìkírun sí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ológbò tọ̀ síbẹ̀, wọ́n ní ohun tó ń ba ìrun jẹ́ ni, omi la gbọ́dọ̀ fi ṣàn án kí ibẹ̀ tó mọ́. Ta ni í bá omi ṣọ̀tá? Ìyá mi da bókẹ́ẹ̀tì kan sí i, wọ́n fi ìgbálẹ̀ àti ọṣẹ gbo ó, wọ́n tún da ìkejì kí ọkàn ó lè balẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ológbò padà síbẹ̀, àwa náà padà sídìí bókẹ́ẹ̀tì. Ìyá mi ra oògùn ìfọlẹ̀ kan tí òórùn rẹ̀ ń mú ojú ṣomi, wọ́n dà á síbẹ̀, ó sì dà bíi pé ṣe la tún ránṣẹ́ pe ológbò. Kò pẹ́ tí pákó náà fi dúdú, tí etí rẹ̀ gbé sókè, tí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bí òjò bá ṣú, òórùn á jáde látinú ilẹ̀ bíi pé ológbò mẹ́wàá ló ń gbé lábẹ́ wa, ìyá mi á sì tún lọ pọn omi.

Mo lè fi í rẹ́rìn-ín báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì jìnnà sí mi. Ní fúláàtì tí mo háyà ní Òpèbí lónìí, pákó ni ilẹ̀ yàrá, pákó òde òní tó fẹ́lẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀, ìwé tí mo fọwọ́ sí sì sọ pé bí ó bá bàjẹ́, èmi ni n ó tún un ṣe. Ọmọ mi obìnrin gbé ọmọ ológbò kan wálé láti iléèwé láìtọrọ àyè. Ọjọ́ tí ológbò náà kọ́kọ́ tọ̀ sílẹ̀, ọmọ náà sáré lọ bu omi, mo sì jágbe mọ́ ọn ju bó ti yẹ lọ. Ó dúró sójú kan pẹ̀lú abọ́ omi lọ́wọ́, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, n kò sì fẹ́ràn bó ṣe ń wò mí. Mo gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo jókòó tì í sílẹ̀, mo fi aṣọ gbígbẹ hàn án, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti Màmá Onílé fún un.

Ọjọ́ Sátidé kan ni omi kán sórí Bíbélì Màmá Onílé. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí i pé àjà yàrá wọn ti yọ àmì ràbàtà bí ibi tí tíì dà sí lára aṣọ funfun. Wọ́n gun òkè wá pẹ̀lú orúnkún wọn tí kò gbọ́ràn. A ń gbọ́ wọn lórí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi dé. Wọ́n kọjá lára bàbá mi, wọ́n lọ dúró lórí pákó náà, wọ́n wò ó títí. Mo ti ń dúró de ariwo. Wọn ò pariwo, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí jù.

"Bàbá Ṣìdí," wọ́n ní, "ohun tí ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi láyé nìyí. Kí oṣù yìí tó parí, ológbò yẹn á kúrò nílé yìí, àbí kẹ́yin kúrò."

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá Onílé ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Nígbà tí a yíjú padà, Ìyá Àgbà ti fa àpótí wọn sítòsí, wọ́n ń ká aṣọ sínú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò bínú, ilé onílé ni, ẹni tó ni nǹkan ló ń dùn jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ké títí wọ́n fi rí àwọn, àwọn kò ní í jù ú sígboro Èkó. Bí ó bá ń lọ, àwọn náà ń lọ nìyẹn. Gbogbo wa la mọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Ilé Ògbómọ̀ṣọ́ ṣófo, bí wọ́n bá sì tún ṣubú, a lè má tètè gbọ́. Bàbá mi kò fọwọ́ kan oúnjẹ lọ́jọ́ náà. Ní tèmi, mo fẹ́ràn Ìyá Àgbà ju ẹnikẹ́ni lọ lọ́dún yẹn. Àwọn ló ń dirun mi láìfà á, àwọn ló ń fi orí ẹja pamọ́ dè mí, àwọn ló ń sọ fún ìyá mi pé ọmọ tó ń ṣí ìkòkò wò, ara rẹ̀ yá ni. Mo sì mọ ibi tí mo máa ń jókòó sí láàárọ̀ lórí àtẹ̀gùn, n kò sì lè sọ ọ́. Mo lọ sí bálùwẹ̀, mo sunkún níbẹ̀.

Ìyá mi ló rántí Mùkáílà, ọ̀dọ́ káfíńtà kan tó ń kan àga lẹ́bàá ojú irin. Ó wá lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, nígbà tí Màmá Onílé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dojú bolẹ̀, ó gbóòórùn pákó náà, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó ní kí la fi ń tọ́jú rẹ̀. Ìyá mi fọwọ́ sọ̀yà, wọ́n ní omi ni, bókẹ́ẹ̀tì méjì lẹ́ẹ̀kan.

"Màmá Ṣìdí, ẹ má bínú," Mùkáílà ní, "ológbò ò ṣe tó yín. Ìtọ̀ tiẹ̀ ò lè kún ife. Ẹ̀yin lẹ ń fi omi tì í wọnú igi."

Ìyá mi rọra fi ẹsẹ̀ ti bókẹ́ẹ̀tì wọn sẹ́yìn. Mùkáílà ní bí ìtọ̀ bá dà sórí pákó, aṣọ gbígbẹ ni kí a tẹ̀ mọ́ ọn, kí a tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fa gbogbo rẹ̀ mu, kí a má fi nù ún káàkiri. Lẹ́yìn náà kí a da lẹ́búlẹ́bú pákó, irú èyí tó ń jáde lẹ́nu ayùn, lé e lórí, kó wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí òórùn bá kù, kí a fi aṣọ tí a rẹ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ nù ún, ṣùgbọ́n kí a fún aṣọ náà gbẹ dáadáa ná, kí a sì ṣí fèrèsé. Oògùn olóòórùn líle yẹn, ó ní òórùn ìtọ̀ gan-an ni ní imú ológbò, ìdí tí kò fi yéé padà síbẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìrun ló ṣì ń da bàbá mi láàmú, ni wọ́n bá lọ bá Àfáà mọ́ṣáláṣí wa. Àfáà ní kí wọ́n fi aṣọ tútù nù ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí wọ́n kírun wọn níbòmíràn nínú pálọ̀, pé Ọlọ́run kò rán ẹnikẹ́ni láti ba ilé onílé jẹ́.

A fi ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ kí ilẹ̀ náà gbẹ, fèrèsé ní ṣíṣí, fáànù lórí rẹ̀ nígbà tí iná bá wà. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e ni Mùkáílà padà wá pẹ̀lú ìfági àti sáńpépà. Àwọn pákó ẹ̀gbẹ́ mọ́, wọ́n pupa dẹ̀dẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Ẹ̀kẹta ni kò gbà. Bó ṣe ń fá a ni dúdú ń jáde. Mùkáílà ní kò burú, òun á yọ ìṣó rẹ̀, òun á yí i padà, ẹ̀yìn rẹ̀ á di ojú, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ó fi irin gbé e, ó dojú rẹ̀ dé, gbogbo wa sì bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ẹ̀yìn pákó náà dúdú ju ojú rẹ̀ lọ. Àmì ńlá kan ló wà níbẹ̀, ó ti gbẹ, ó ti pẹ́, ó fẹ̀ ju ohun tí ológbò lè ṣe lọ.

Bàbá mi ní kí ó kàn án padà kíákíá kí Màmá Onílé tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, torí wọn á ní a ti ba tojú tẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Mùkáílà kọ̀. Ó ní ẹni tó ni pákó gbọ́dọ̀ rí i. Ìyá Àgbà, tí àpótí wọn ti wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá látọjọ́ náà, ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, kí a lọ pè wọ́n. Èmi ni wọ́n rán lọ dúró dè wọ́n nísàlẹ̀.

Màmá Onílé wá pẹ̀lú gèlè ṣọ́ọ̀ṣì lórí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa ẹ̀yìn pákó náà, wọ́n ní ta ló ṣe é. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í búra. Mùkáílà gbé pákó náà dúró, ó fi ihò ìṣó hàn wọ́n. Ihò méjì méjì ló wà níbi tó yẹ kí ọ̀kan wà. Wọ́n ti fi lẹ́búlẹ́bú àti gúlúù dí èyí àtijọ́, ọwọ́ ọ̀gá ló dí i. Ó ní ẹni tó kan ilẹ̀ yìí gan-an ló ti yí pákó yìí padà lẹ́ẹ̀kan rí. Màmá Onílé wo pákó, wọ́n wo fèrèsé, wọ́n sì jókòó sórí àga bàbá mi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi lọ̀ wọ́n.

"Ibí ni Káyọ̀dé máa ń sùn," wọ́n ní.

Káyọ̀dé ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ó ti pẹ́ nílùú òyìnbó; àwòrán rẹ̀ la mọ̀, àti pé ó máa ń pè lọ́jọ́ Kérésìmesì. Màmá Onílé sọ fún wa pé ó ń tọ̀ sílé títí ó fi tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Gbogbo àárọ̀ tó bá tọ̀ sílé, wọ́n á ká ẹní náà lé e lórí, wọ́n á ní kó gbé e yí àdúgbò ká, àwọn ọmọdé á sì máa kọrin tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe tọ́ àwọn náà nìyẹn, wọ́n rò pé ojú á tì í, yóò sì jáwọ́.

"Mo lọ sìnkú ní Ìjẹ̀bú lọ́dún kan," wọ́n ní, "mo lo ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí mo dé, bàbá ẹ̀ ní ikán ti jẹ pákó kan, àwọn ti tún un ṣe. Mo ní ẹ kúuṣẹ́." Wọ́n tún fọwọ́ kan àmì náà. "Ikán. Àwọn méjèèjì jọ fi pamọ́ fún mi."

Ìyá Àgbà ní ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà, pé bàbá tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò ro ibi sí wọn, ọmọ ló fẹ́ bò. N kò mọ ohun tó gbé mi dìde. Mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá Onílé, mo jẹ́wọ́ pé kì í ṣe ẹ̀bi ológbò, pé èmi ni n kì í gbé e dé ìsàlẹ̀, pé mo máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ìyá mi ti ń wò mí bíi pé kí ilẹ̀ ó lanu. Màmá Onílé béèrè ohun tó fà á. Ojú mi lọ sí ẹnu àtẹ̀gùn.

"Ṣé ẹ̀rù mi ń bà ẹ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n mi orí. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí Mùkáílà kan pákó náà bó ṣe wà, kí ojú ti Káyọ̀dé wà lókè. Mùkáílà ní kí òun kọ́kọ́ fá a. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ fá a, kí ó sáà pa fánísì lé e. Bàbá mi, tí ọ̀rọ̀ ìparí oṣù kò tíì kúrò lọ́kàn wọn, rọra béèrè nípa ológbò. Màmá Onílé ní ilé tí kò bá ní ológbò, èkúté ni yóò jẹ ẹ́, kí a sáà wá ibi tí yóò máa tọ̀ sí. Ìyá Àgbà na ẹsẹ̀ wọn tó dára, wọ́n fi ti àpótí wọn padà sínú yàrá.

A wá abọ́ ike ńlá kan, a da lẹ́búlẹ́bú láti sọ́míìlì sínú rẹ̀, a tẹ́ ọ̀rá nípọn sábẹ́ rẹ̀ nítorí ohun tó bá ta sílẹ̀, Ṣebíotimọ sì gbà á láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo ń lọ da á nù ní ìdájí. Bí mo bá dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, àdúrà ṣì máa ń dúró, ṣùgbọ́n ohun tí mo ń gbọ́ yàtọ̀: "Ṣìdí, rọra o, ibẹ̀ yẹn ń yọ̀."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan láìpẹ́ sígbà náà, Màmá Onílé gun òkè wá, wọ́n ní kí bàbá mi bá àwọn fi fóònù wọn pe Káyọ̀dé. Kérésìmesì ṣì jìnnà. Wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé pákó kẹta, Ìyá Àgbà jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ológbò lórí itan. Etí Màmá Onílé kò já gaara mọ́, nítorí náà sípíkà ni bàbá mi fi sí, gbogbo wa la sì gbọ́. Wọ́n kí ara wọn. Ọkùnrin náà béèrè bóyá kò sí nǹkan.

"Kò sí nǹkan," Màmá Onílé ní. "Káyọ̀dé, mo ti rí pákó yẹn."

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́ fóònù láti wò ó bóyá ó ti já. Kò já. Ohùn àgbàlagbà ọkùnrin náà padà jáde, ó ti kéré.

"Màámi, ṣé ẹ máa nà mí ni?"

Màmá Onílé fi etí ìró wọn nu ojú. "Mi ò nà ẹ́ mọ́," wọ́n ní. "Máa bọ̀ wálé."